Ìka Kò Ṣeé Pààrọ̀
Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú: ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2011, a tẹ̀ka láti forúkọ síìmù sílẹ̀. Ní 2014, a tún tẹ̀ka ní báǹkì fún BVN. Ìlànà ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni kò jáde títí di 2019. Ó di 2023 kí òfin rẹ̀ tó dé. Ọdún 12 gbáko ni ẹrù ti wà nílẹ̀ kí ọgbà tó pé. Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ṣeé pààrọ̀; ìka kò ṣeé pààrọ̀. Òfin ti fún wa ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìsọfúnni wa ṣe. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè kí a tó tẹ̀ka.