Bóòtù Mẹ́jọ ní Mayesbrook

Aago mẹ́jọ àárọ̀, Sátidé. Pákó MDF ti wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí n tó débẹ̀. Ilé náà kò jìnnà sí Lodge Avenue, lẹ́bàá ọgbà Mayesbrook: ọ̀kan nínú àwọn ilé bíríkì tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso London nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí Becontree ní 1921, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ìwọ àti aládùúgbò rẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ra wúfà íńṣì 12, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn báàsì jáde, fún ọkọ̀ Golf rẹ̀. Káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ ní Mushin ló fẹ́ bá a kan àpótí wúfà náà. Ohun tí n kò fojú rí nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ṣé a máa parí ẹ̀ kó tó di ọ̀sán, sà?"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kíkàn ò le. Dídè ló máa gbà wá lákòókò."

Mo fara mọ́ ọn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sọ̀rọ̀ wúfà, bó ṣe máa dún ni wọ́n ń sọ. Ohun tó dì í mú, wọn kì í bèèrè rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Ìwé tó bá wúfà náà wá ní àpótí tí a dí pa, tó gba afẹ́fẹ́ lítà 28, ló yẹ ẹ́. Òǹkà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àfojúdá. Neville Thiele, ará Australia, ló tẹ ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1961, Richard Small sì fẹ̀ ẹ́ lójú lẹ́yìn 1970. Bàbá káfíńtà fi pẹ́ńsù fa ìlà: mìlímítà 400 ní ìbú, 360 ní gíga, 320 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Pákó náà nípọn tó mìlímítà 18, ti iwájú yóò sì jẹ́ méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Inú rẹ̀ ṣẹ́ kù bíi lítà 31. Ara wúfà fúnra rẹ̀ àti igi tí wọ́n fi ti àpótí nínú ló máa jẹ ìyókù.

Aago mẹ́wàá. Ayùn oníná bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn láìbo imú, nítorí eruku MDF tín-ín-rín ju ti pákó lásán lọ, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pò ó sì wà nínú rẹ̀.

Aago mọ́kànlá. Gọ́ọ̀mù funfun, lẹ́yìn náà sikúrú. Kò sí sikúrú tó wọlé láìjẹ́ pé dírìlì ti ṣíwájú rẹ̀: bí o bá fi ipá ti sikúrú bọ etí MDF, ńṣe ló máa là.

Láti aago méjìlá títí di méjì, orí ihò mẹ́jọ péré tí wọ́n máa fi de wúfà mọ́ àpótí ni wọ́n wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ra sikúrú igi, ó sì ti mú wọn dání. Bàbá ní kó fi wọ́n pamọ́. MDF kò ní iṣan bíi ti pákó gidi. Fọ́nrán igi tó kúnná àti gọ́ọ̀mù ni. Wúfà tó ń lu ohùn 40 Hz ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín wákàtí kan, ó ti di 144,000. Bí ó ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni férémù irin rẹ̀ ń jà padà, tó sì ń fa ohun tó dè é. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ihò sikúrú yóò máa di ìyẹ̀fun, títí sikúrú yóò fi máa yí lófo.

Nítorí náà, nọ́ọ̀tì kékeré eléyín ni Bàbá kó jáde, irú èyí tí wọ́n ń tì bọ pákó láti ẹ̀yìn. Wọ́n gbé wúfà lé ihò rẹ̀, wọ́n sàmì sí ojú mẹ́jọ, wọ́n sì gbẹ́ ihò já. Bàbá kò fi òòlù gbá nọ́ọ̀tì wọlé. Ó fi bóòtù àti wáṣà fà á láti iwájú títí eyín rẹ̀ fi bọ́ sínú pákó, ó sì kán gọ́ọ̀mù líle sí etí rẹ̀. Bí bóòtù bá ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ń há mọ́ pákó sí i. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ lọ́jọ́ náà, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó máa rí i mọ́.

Aago mẹ́ta. Wọ́n jẹun.

Aago mẹ́rin. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ihò ká kí afẹ́fẹ́ má bàa jò, wọ́n so wáyà mọ́ wúfà, wúfà wọlé. Bàbá de bóòtù ní ìfojúkojú, bí fókánáísà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, díẹ̀díẹ̀, láìfi ipá parí ọ̀kan kó tó kan èkejì. Bí a bá de ẹ̀gbẹ́ kan gírígírí ṣíwájú, férémù lè wọ́. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ wúfà náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sípò rẹ̀, èyí fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò rí ibi jáde kíákíá.

Aago márùn-ún ààbọ̀. Àpótí náà ti tó bíi kìlógíráàmù 18 báyìí, búùtù ló sì kàn.

"Dádì, ṣé kò lè kàn jókòó bẹ́ẹ̀? Ó kúkú wúwo."

"Torí pé ó wúwo náà ni. Tó o bá tẹ bíréèkì lójijì lórí A13, ta ló jókòó síwájú ẹ̀?"

Òfin ọkọ̀ ilẹ̀ yìí, ti 1986, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ẹrù wà ní dídè kó má bàa wu ẹnikẹ́ni léwu. Bàbá kò lu búùtù náà ní ihò kankan, nítorí táńkì epo àti páìpù bíréèkì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì líle méjì ló fi de àpótí náà mọ́ òrùka irin inú búùtù, ó sì fi rọ́bà tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí. Fíúùsì ti wà nítòsí bátìrì kí wáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú ọkọ̀ lọ.

Aago méje. Wọ́n fi Ebenezer Obey sí i, ohùn sì wà nílẹ̀ gan-an. Gìtá báàsì jáde kedere, pátákó nọ́ńbà kò gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà na ọwọ́ kó yí i sókè, Bàbá dá a dúró: gọ́ọ̀mù funfun nílò bíi wákàtí 24 kó tó gbẹ dénú, àwọn aládùúgbò sì ti wà nílé. 

Aago mẹ́jọ alẹ́. Sípánà tún jáde. Nínú bóòtù mẹ́jọ, méjì yí díẹ̀ sí i, nítorí fóòmù ti rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ wọn. Bàbá ní kó tún yẹ gbogbo wọn wò ní Sátidé tó ń bọ̀, kó tó gbé ohùn sókè.