Kí Ni Ẹ̀rọ Wa Ń Kùn Sí?

Ìró kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ orin nílé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ dáadáa. Ẹ tan amplifier, ẹ kò tíì fi orin kankan sí i, sípíkà sì ti ń kùn bí oyin inú igi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí oyin ń ṣe àti ohun tí ẹni tí inú ń bí ń ṣe lábẹ́nú: kíkùn. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu, nítorí ẹ̀rọ tó ń kùn ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò. Èrò mi ni pé ọ̀nà tí iná mànàmáná gbà dé ọ̀dọ̀ wa ló ń sọ̀rọ̀ nínú sípíkà wa. Bí a bá sì ń sáré pa á lẹ́nu mọ́ láì kọ́kọ́ bi í léèrè, a lè fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò, a sì lè ba orin àtijọ́ wa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn rẹ̀. Iná tó ń wọ ilé wa kì í ṣàn lọ sí apá kan ṣoṣo bí odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwa kọ́ la yan iye yìí. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, ilé-iṣẹ́ AEG ní Berlin mú 50, Westinghouse ní Amẹ́ríkà sì mú 60. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣiríṣi iye ni àwọn ìlú ń lò títí òfin ọdún 1926 fi dá àjọ tó so iná orílẹ̀-èdè náà pọ̀ sílẹ̀, tí 50 sì borí. Ohun tí àwọn amúnisìn ń lò nílé wọn ni wọ́n gbé wá fún wa. Ní Làìbéríà, tí okùn rẹ̀ so mọ́ Amẹ́ríkà, 60 ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, nígbà yẹn, ohùn tí amplifier fi ń kùn ní Monrovia ga ju ti Accra tàbí Dakar lọ. Ẹni tó bá létí orin lè fi etí gbọ́ ẹni tó mú iná wá sí ìlú.

Iná náà kò sì kọ́kọ́ wá nítorí ilé wa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní Èkó, níbi tí ìjọba amúnisìn fìdí kalẹ̀ sí. Ní Plateau, níbi tí mò ń gbé, ilé-iṣẹ́ aládàáni NESCO bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 láti fi omi Kurra Falls ṣe iná fún àwọn tó ń wa tánńganran ní agbègbè Jos. Iṣẹ́ ìwakùsà ló jẹ oúnjẹ, ilé àwọn aráàlú ló gba àjẹkù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn rédíò kọ́kọ́ dé láìsí iná nínú ilé. Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ ZOY bẹ̀rẹ̀ ní Accra ní oṣù Keje, ti Èkó sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá. Wáyà ni ohùn gbà wọ ilé, tó sì jáde nínú àpótí tí àwọn bàbá wa pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó dé Ìbàdàn ní 1939, ó dé Kano ní 1944. Lẹ́yìn ìyẹn ni rédíò kékeré alábátìrì dé. Bátìrì kì í kùn ní tirẹ̀, nítorí apá kan ṣoṣo ni iná rẹ̀ ń ṣàn sí. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ra radiogram àti stereo, pàápàá nígbà owó epo lẹ́yìn ọdún 1970, tí wọ́n sì ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, ni kíkùn bá wọn wọ yàrá.

Ara ògiri yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun tí a ń lò ní Nàìjíríà àti Gánà, ọdún 1947 ni Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ òkè ló gùn jù, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ó so ara irin ẹ̀rọ mọ́ wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, wáyà náà sì lọ sínú ilẹ̀ nípasẹ̀ ọ̀pá irin tí wọ́n gbìn síta. Bí iná bá sọnù sí ara irin, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ dípò ara ènìyàn. Ní Cotonou, Lomé àti Abidjan, ìlànà Faransé ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹsẹ̀ ilẹ̀ sì yọrí jáde láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni, iṣẹ́ kan náà ni.

Àmọ́ kí ni à ń ṣe? Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dé ọjà wa, a sì ń ki bírò bọ ihò òkè kí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fa wáyà méjì, tí kò sí ẹ̀kẹta. Níbi tí ọ̀pá ilẹ̀ bá sì wà, ọyẹ́ ń gbẹ ilẹ̀ yí i ká ní Kano àti Niamey títí iná kò fi rọrùn láti gba ibẹ̀ lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń ri ọ̀pá náà jìn, tí wọ́n ń fi èédú àti iyọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń bomi rin ín. Owó ilẹ̀ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú owó iṣẹ́ iná, nítorí kò sí ẹni tó ń rí i.

Kíkùn máa ń wá nígbà tí ilẹ̀ kò bá sí, ó sì tún máa ń wá nígbà tí ilẹ̀ bá di méjì. Ká ní amplifier wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tẹlifíṣọ̀n àti dẹ́kòdà wà lórí òmíràn, tí wáyà ohùn sì so wọ́n pọ̀. Agbára ilẹ̀ ibi méjèèjì kì í dọ́gba. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn á mú kí iná máa yí po gba inú wáyà ohùn, sípíkà á sì sọ ọ́ di ariwo.

Ẹ lè wádìí rẹ̀ láì ra nǹkan kan. Ẹ yí ohùn amplifier sílẹ̀. Bí kíkùn bá dínkù pẹ̀lú rẹ̀, inú ẹ̀rọ tó ń fún un ní orin tàbí wáyà wọn ló ti wá. Bí kò bá yí padà, inú amplifier fúnra rẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ kàpásítọ̀ ńlá tó ti gbẹ. Èyí sábà máa ń kùn ní 100, ó ga ju ti ilẹ̀ lọ. Ẹ yọ àwọn wáyà ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dákẹ́. Má gbàgbé wáyà eriali àti ti satellite. Ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú kan, ẹ sì so wáyà ilẹ̀ tín-ín-rín tó wà lára ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ amplifier. Bí ó bá ṣì ń kùn, transformer kékeré tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà wáyà ohùn yóò gé àyípo náà láì fọwọ́ kan wáyà ilẹ̀.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni ohun tí oníṣẹ́ iná kan fẹ́ ṣe nílé mi: ó mú páláyà, ó ní òun yóò gé ẹsẹ̀ òkè plọ́ọ̀gì amplifier kí ariwo lè dẹ́kun. Òótọ́ ni pé yóò dẹ́kun. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wáyà bá bó nínú ẹ̀rọ náà, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ara irin rẹ̀ ni iná yóò gbà wọlẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ọ̀nà kejì tí ìkánjú ń gbà ṣe wá níbi kò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ìrántí. Láàárín ọdún 2008 sí 2013, Graeme Counsel, olùwádìí ará Ọsirélíà, bá àwọn òṣìṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè Guinea ṣiṣẹ́ ní Conakry láti gbé orin tó lé ní 9,000 kúrò lórí téèpù sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ British Library. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dúró de ọ̀pọ̀ ilé rédíò àti ìdílé lágbègbè wa. Bí ilẹ̀ yàrá tí a ti ń ṣe é kò bá dára, kíkùn òde òní yóò wọnú orin àtijọ́, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ dá téèpù dúró, kí ẹ sì tẹ́tí: bí kíkùn ṣì wà, tiyín ni, kì í ṣe ti téèpù.

Bí ó bá jẹ́ ti téèpù, ẹ má ṣe yára fi kọ̀ǹpútà gé e. Ohùn sol ìsàlẹ̀ lórí gìtá báàsì jẹ́ 49, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko 50. Èyí tó tẹ̀lé e lókè jẹ́ 98. Gígé kíkùn láìfiyè sí i lè gbé báàsì àti ohùn ìlù ńlá lọ. Ẹ̀rí sì ni kíkùn náà. Bí téèpù tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí iná ìjọba bá ń kùn ní 52 dípò 50, ó ń sáré jù ni, ohùn akọrin sì ti tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Bí kíkùn náà bá sì ń lọ sókè sódò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n lò: èyí tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ló ń fúnni ní 50, nígbà tí ẹrù bá sì wúwo, ó ń falẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní téèpù bàbá rẹ̀ nílé, kí ó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, pẹ̀lú kíkùn rẹ̀. Kí ó wá ṣe ẹ̀dà kejì tó mọ́ fún ìgbádùn. Kí ó sì tó tan ẹ̀rọ, kí ó jáde sí ẹ̀yìn ilé lọ wò bóyá ọ̀pá ilẹ̀ wà níbẹ̀.