Ìgbà Òtútù Tí Wọ́n Ta Curt Flood

Ní St. Louis níbí, bí eré béésíbọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ parí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í parí. Gbogbo ìgbà òtútù ni àwa alátìlẹ́yìn Cardinals fi ń bi ara wa pé: ta ni wọ́n tà? Ta ni wọ́n rà? Kí ni wọ́n gbà dípò rẹ̀? Àwọn ọmọ tí a bí síbí kò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n létí Yorùbá, ó ṣòro kí a gbọ́ pé wọ́n ta ènìyàn kí ara wa má bù máṣọ. Ẹgbẹ́ tiwa yìí gan-an ni ọkùnrin kan ti dìde láti sọ pé òun kì í ṣe ọjà.

Curt Flood ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Houston ní 1938, tí ó dàgbà ní Oakland. Ìgbà òtútù náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ní December 1957 ni Cincinnati pààrọ̀ rẹ̀ wá síbí, ọmọ ọdún 19 péré. Àárín ẹ̀yìn pápá ló máa ń dúró sí. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti lọ, Flood á ti sáré dé ìdí rẹ̀. Ọdún méje léraléra, láti 1963 títí dé 1969, ló gba àmì ẹ̀yẹ Gold Glove. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Cardinals borí nínú World Series ní 1964 àti 1967. Ní 1968, nínú eré keje tó parí ìjà, bọ́ọ̀lù kan fò kọjá lórí rẹ̀, Detroit sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa. Àwọn kan kò dárí èyí jì í.

Ní October 1969, Cardinals kó Flood, Tim McCarver, Joe Hoerner àti Byron Browne fún Philadelphia, wọ́n sì gba Dick Allen, Cookie Rojas àti Jerry Johnson. Orí tẹlifóònù ni òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ti sọ fún Flood. Bí a bá fi ojú alátìlẹ́yìn wò ó, pààṣípààrọ̀ náà kò burú. Igi Allen le: ó gbá home run 34 fún wa ní 1970. Aláwọ̀ dúdú lòun náà, ojú rẹ̀ sì ti rí màbo ní Philadelphia. Inú rẹ̀ dùn láti kúrò. Ọdún kan kò pé tí Cardinals tún fi ta òun náà fún Los Angeles.

Ohun tí ó de Flood ni gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn gbogbo agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní reserve clause. Bí ọdún àdéhùn bá pé, ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un ṣe fún ọdún mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà lọ́dọọdún. Agbábọ́ọ̀lù kò lè dá lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Àfi kí wọ́n tà á, tàbí kí ó fi eré náà sílẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì, bí ibì kan kò bá rọ̀ wá lọ́rùn, a ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ó gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, kí ọ̀gá fi wá ránṣẹ́ sí ìlú tí a kò fẹ́, kí a má sì lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbikíbi mọ́ bí a bá kọ̀!

Àwọn ènìyàn ní dọ́là 90,000 ló ń gbà lọ́dún, kí ló tún ń wá? Flood dáhùn pé ẹrú tí à ń san owó gọbọi fún, ẹrú náà ni. Ní 24 December 1969 ó kọ̀wé sí Bowie Kuhn, ọ̀gá béésíbọ́ọ̀lù pátápátá, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yan ibi tí òun yóò ti gbá bọ́ọ̀lù. Kuhn kọ̀. Ní January 1970 Flood gbé e lọ sílé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ Marvin Miller, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, ti kìlọ̀ fún un pé ó lè pàdánù ẹjọ́, kí ó sì pàdánù iṣẹ́ mọ́ ọn. Jackie Robinson wá jẹ́rìí fún un. Nínú àwọn tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo kò yọjú, èyí ló dùn wá jù nínú gbogbo ìtàn náà. Àwọn alátìlẹ́yìn náà kò ṣe dáadáa. Lẹ́tà èébú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sí i.

Kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní 1970. Ní 1971 ó gbá eré 13 fún Washington, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ní 19 June 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta.

Ìgbà òtútù ọdún náà kan náà ni Cardinals bá Steve Carlton jà nítorí owó oṣù, tí wọ́n fi bínú pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Rick Wise, Philadelphia náà ni wọ́n sì tún fún. Ẹ gbọ́ èrè rẹ̀ o: ìgbà 59 péré ni Philadelphia borí ní 1972, Carlton nìkan ló ni 27 nínú rẹ̀.

Ní 23 December 1975, Peter Seitz tí wọ́n yàn láti parí aáwọ̀ dájọ́ fún Andy Messersmith àti Dave McNally pé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan láìfọwọ́ sí àdéhùn tuntun ti di òmìnira. Flood kú ní January 1997, ẹni ọdún 59. Ní 1998 ni ìjọba fi orúkọ rẹ̀ pe òfin kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n láti 1973 ni wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá nínú eré náà, tí márùn-ún tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, lè sọ pé òun kò lọ. Ọdún 12 ni Flood ti lò ní St. Louis nígbà tí tẹlifóònù yẹn dún.