Adènà Ló Tìlẹ̀kùn, Bátìrì Ò Kú

Láti Òkìtìpupa dé Ìrẹ̀lẹ̀, títí wọ inú Ẹsẹ̀-Odò àti Ìlàjẹ, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìrí iná ìjọba. Ohun tó dun àwa ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà lágbègbè náà jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2007, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì lè pèsè mẹ́gáwáàtì 335. Iná ń gba orí wa kọjá lọ síbòmíràn. Ni kálukú bá wá ọ̀nà tirẹ̀. Télọ̀, onígerun, obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ gbára lé. Nígbà tí epo wọ́n, wọ́n yà sí sólà, wọ́n ra ínfátà àti bátìrì.

Bátìrì olómi ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ rà, mẹ́rin onífóòtì 12, tí wọ́n so pọ̀ di 48. (Fóòtì ni ìwọ̀n bí bátìrì ṣe ń ti iná tó.) Ní báyìí, ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a ń yọ wọ́n, ó ń fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù rọ́pò. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, ọkọ̀ kékeré aláìnílẹ̀kùn tó ń gbé èèyàn kiri inú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, yunifásítì àti àgọ́ ìjọsìn. Bátìrì mẹ́fà onífóòtì 8 ló sábà máa ń wà lábẹ́ àga rẹ̀, 48 náà ni, ìwọ̀n gbogbo wọn sì lé ní kìlógíráàmù 150. Lítíọ́ọ̀mù tó lè gba iṣẹ́ wọn ṣe kì í tó ìdajì ìwọ̀n yẹn. Oníṣẹ́ tó bá mọ ti ọkọ̀ mọ ti ilé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi ṣàlàyé ohun tó ṣe fún ẹni tó sanwó.

Kì í ṣe pé a ò ní ọ̀rọ̀ fún bátìrì rárá. Ẹ tẹ́tí sí mẹkáníìkì àti rẹwáyà. Bátìrì ń jẹ ṣáàjì. Omi rẹ̀ gbẹ, a bu omi sí i. Orí rẹ̀ yọ ìyẹ̀fun funfun, a fi omi gbígbóná ṣan án, a fi gírísì pa á. Áyọ́ọ̀nù ń fa iná jù. Sẹ́ẹ̀lì kan kú nínú rẹ̀. (Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di bátìrì.) Nígbà tó bá yá, bátìrì fúnra rẹ̀ á kú, ẹni tó ń ra àlòkù á wá gbé e lọ. Èdè tó pé ni, ó sì bá nǹkan tí wọ́n ń sọ mu, nítorí bátìrì olómi máa ń rẹ̀ lóòótọ́. Gílóòbù á pọ́n, fáànù á máa falẹ̀, ẹni tó wà nílé á sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́.

Lítíọ́ọ̀mù kì í rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lò fún ínfátà àti ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2. Ẹni tó bá so mẹ́rìndínlógún pọ̀ yóò rí 51.2. Bó kún o, bó ku ìdajì o, bó ku ìdá mẹ́rin o, díẹ̀ báyìí ni fóòtì yẹn fi ń yí padà. Òun ló fà á tí géèjì àtijọ́ inú ọkọ̀ gọ́ọ̀fù fi ń tan awakọ̀ jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì. Fóòtì ló ń wò, yóò sì máa sọ pé bátìrì ṣì dára nígbà tó bá ku ìwọ̀nba ìrìn kí ọkọ̀ dúró gbọnin. Nínú ilé náà, gílóòbù á tàn kedere títí, lẹ́ẹ̀kan náà òkùnkùn á sì ṣú.

Kí ni onílé yóò sọ? "Bátìrì mi ti kú." Níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè di ewu nìyí. Rẹwáyà tó bá gbọ́ pé bátìrì kú á gbé irinṣẹ́ tó fi ń jí bátìrì olómi: wáyà jọ́mpù láti orí bátìrì ọkọ̀, tàbí ṣáájà ńlá tó ń lò látọjọ́ pípẹ́. Bátìrì tí kò kú ni yóò máa jí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà nínú àpótí lítíọ́ọ̀mù tó ń ṣọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà ní kọ̀ọ̀kan. Bí fóòtì ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ jù tàbí tó ròkè jù, bí ooru bá pọ̀, bí ohun tí wọ́n ń fi bátìrì gbé bá wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yìí á gé iná kí nǹkan má bàa bàjẹ́. Lẹ́tà òyìnbó mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè é lọ́jà, BMS, ọ̀pọ̀ tó sì ń pè é kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Adènà ni mo pè é. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, òun ló mọ ohun tó lè wọlé àti ohun tó lè jáde. Rẹwáyà tó bá gbọ́ pé "adènà ti tìlẹ̀kùn" á kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi tì í. Ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ náà gan-an.

Fóònù alágbèéká ti fi apá kan ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa. Láti 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, tàgbà tèwe ló ń sọ pé "fóònù mi ti kú", tí kò sì sí ẹni tó ń sunkún. Wọ́n mọ̀ pé ṣáàjì ló tán, pé bí wọ́n bá fi í sí iná, yóò dìde. Ikú ti fóònù yàtọ̀ sí ikú ti mẹkáníìkì. Nígbà tí lítíọ́ọ̀mù kúrò nínú àpò tó wá di àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn, ìtumọ̀ méjèèjì wá pàdé lẹ́nu èèyàn kan náà. Ní tèmi, kí a fi "kú" sílẹ̀ fún bátìrì tí kò lè padà wá mọ́. Èyí tí ṣáàjì rẹ̀ tán, ṣáàjì ló tán.

Mo ti ń pe sẹ́ẹ̀lì ní sẹ́ẹ̀lì láti òkè, nítorí ó ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Síbẹ̀ awẹ́ wù mí jù ú lọ. Ẹnìkan lè ní ká pè é ní ọmọ bátìrì, tí í ṣe ọma bátìrì lẹ́nu wa ní Ìkálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ a máa dàgbà, ó sì lè fi ilé sílẹ̀. Awẹ́ obì dúró fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe obì lóun nìkan. A tún lè kà á sórí ohun tó ní in: bátìrì aláwẹ́ mẹ́rin, bátìrì aláwẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá mọ iye awẹ́ á mọ iye fóòtì láìbéèrè. Ọ̀rọ̀ yìí tún ń mú òmíràn jáde. Nígbà tí awẹ́ kan bá kún ṣáájú àwọn yòókù, adènà a máa fa díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí àwọn tó kù lè bá a. Ìmúdọ́gba awẹ́ nìyẹn, mo sì rò pé ọmọ ilé ìwé kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Lítíọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká yá a lò bó ṣe wà. Johan August Arfwedson, ará Sweden, ló rí i nínú òkúta ní 1817. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mú un láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe òkúta. Bí a bá sọ ọ́ di ohun kan tó jẹ mọ́ òkúta ní Yorùbá, kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfikún tó ṣe pàtàkì ni ti ẹbí rẹ̀, nítorí bátìrì lítíọ́ọ̀mù ju irú kan lọ. Irú tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ní kóbáàtì nínú, ó sì rọrùn fún un láti gbiná bí nǹkan bá bàjẹ́. Èyí tó yẹ ilé àti ọkọ̀ gọ́ọ̀fù ní irin nínú, ó fara da ooru ju tọ̀hún lọ. Inú ilé ìwádìí John Goodenough ní yunifásítì Texas ló ti jáde láàárín 1990 sí 1999, òun náà sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, nígbà tó pé ọmọ ọdún 97. Lítíọ́ọ̀mù onírin ni ká máa pè é, kí olùrà lè béèrè é lórúkọ.

Ti bátìrì àtijọ́ ló ká mi lára jù. "Bátìrì olómi" kò burú, àmọ́ omi nìkan ló fi hàn wá. Òjé ló kún inú rẹ̀. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá mọ òjé, wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, torí náà ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Òjé tí wọ́n bá yọ́ tàbí tí wọ́n lọ̀ kúnná, májèlé ni fún ọmọdé. Ní Zamfara ní 2010, èyí tó wà nínú òkúta wúrà pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọ. Bí a bá ń pe bátìrì yìí ní bátìrì olójèé, ìyá tó ní mẹ́rin àlòkù lẹ́yìn ilé á mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ síbẹ̀, kò sì yẹ kó da omi inú rẹ̀ sẹ́bàá kànga.

Àwọn àgbà tó ti ṣe irú iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa kò fi ṣeré. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní 1984, ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù tí a ò tíì ṣe tó. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn kan ni pé n kò fẹ́ ká jókòó sí yunifásítì ká máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún rẹwáyà. Ṣáàjì, fà, jẹ, gbẹ, àwọn ni wọ́n dá a, ó sì ti dúró. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọn ò tíì ní ni ká bá wọn wá, ká gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn, ká wò ó bóyá yóò mọ́ wọn lẹ́nu.

Bí mo bá rí àyè kọ nǹkan sára àpótí bátìrì kan ní Ìrẹ̀lẹ̀, ohun tí màá kọ nìyí:

Lítíọ́ọ̀mù onírin, aláwẹ́ 16. Ẹ má bu omi sí i. Ẹ má fi ṣáájà bátìrì olójèé ṣáàjì rẹ̀. Fóòtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 58.4. Bí iná bá lọ lójijì, adènà ló tìlẹ̀kùn. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń fa iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó fi í sí ṣáájà tirẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má jọ́mpù ú.