Ishite-ji

Ishite-ji jẹ́ ilé ìjọsìn ẹ̀sìn Búdà ní ìlú Matsuyama, ní erékùṣù Shikoku lórílẹ̀-èdè Japan. Kò jìnnà sí Dōgo, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Òun ló wà ní ipò 51 nínú ilé ìjọsìn 88 tí àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń bẹ̀ wò yí erékùṣù náà ká, ìrìn tó tó nǹkan bíi kìlómítà 1,200. Yakushi, Búdà oníwòsàn, ni wọ́n ń bọ níbẹ̀.

Àwọn àlùfáà ibẹ̀ sọ pé ọdún 728 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní An'yō-ji. Ìjọ Hossō ló kọ́kọ́ ni ín. Ọdún 813 ni wọ́n ní Kūkai, olùdásílẹ̀ ìjọ Shingon ní Japan, sọ ọ́ di ti Shingon.

Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí wá láti inú ìtàn Emon Saburō, ọlọ́rọ̀ kan tó láhun. Wọ́n ní Kūkai wá ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Emon sì gbá àwo ọwọ́ Kūkai fọ́ sí mẹ́jọ. Ọmọ mẹ́jọ tí Emon bí kú tẹ̀ léra wọn. Ó fi ọlà sílẹ̀, ó ń wá àlùfáà náà kiri láti tọrọ àforíjì. Ìgbà 20 ló yí Shikoku ká láì rí i. Ní ìgbà kọkànlélógún, ó gba òdìkejì ọ̀nà, wọ́n sì pàdé nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ kí òun tún ayé wá ní ilé ọlá, kí òun lè ṣoore. Kūkai fi òkúta lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìdílé Kōno, àwọn ìjòyè ilẹ̀ Iyo, bí ọmọ kan tó di ọwọ́ pinpin. Àdúrà àlùfáà An'yō-ji ló là á, òkúta tó ní orúkọ Emon sì jáde. Ni wọ́n bá sọ ibẹ̀ ní Ishite-ji, Tẹ́ńpìlì Ọwọ́ Òkúta.

Ogun ìdílé jagunjagun Chōsokabe ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún jó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, àmọ́ ẹnubodè tí wọ́n kọ́ ní 1318 yè é, ó sì wà lára ìṣúra orílẹ̀-èdè Japan. Agogo ọdún 1251 àti ilé gogoro (págódà) alájà mẹ́ta náà ṣì wà.

Títí dòní, àwọn kan máa ń rin ìrìn-àjò náà lódìkejì, pàápàá lọ́dún tí oṣù Èrèlé bá ní ọjọ́ 29, nítorí wọ́n gbà pé irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni Emon rí Kūkai.