Orúkọ Wo La Ó Fi Rọ́pò Olódo?

Ìṣirò ló bí ọ̀kan nínú èébú tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín ọmọléèwé. Olódo: ẹni tó gba òdo lórí iṣẹ́ tí tíṣà fún un. Kí onímọ̀ èdè kankan tó jókòó láti wá orúkọ Yorùbá fún ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ nínú ìwé kíkà tàbí òǹkà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ti sọ ọ́ lórúkọ tiwọn. Orúkọ náà kúrú, kò ṣòroó pè, kò sì ṣeé gbàgbé. Dìndìnrìn, ọ̀dẹ̀ àti ọ̀bọ ni ẹbí rẹ̀. Ọmọ ni gbogbo wọn ń bù. Kò sí èyí tó sọ ibi tí iṣẹ́ ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ tuntun yòówù tí a bá ṣẹ̀dá máa bá du ipò.

Àwọn Òyìnbó náà pẹ́ kí wọ́n tó rí orúkọ fún ìṣòro ìwé kíkà yìí. Ní 1877, dókítà Adolf Kussmaul ní Jámánì pè é ní ìfọ́jú ọ̀rọ̀. Ní 1887, dókítà ojú kan ní Stuttgart, Rudolf Berlin, gbé ìwé jáde lórí ohun tó fi èdè Gíríìkì pè ní dyslexia. Àgbàlagbà tí àìsàn kọlu ọpọlọ wọn, tí wọn kò lè kàwé mọ́, ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ó di 1896 kí W. Pringle Morgan, dókítà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan tí ara rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ ríran, tí ọ̀rọ̀ kéékèèké sì ń dà rú mọ́ ọn lójú. Ọmọ yìí kan náà ka 785,852,017 láìkọsẹ̀. Ó ṣe ìsọdipúpọ̀ 749 àti 867, ó sì gbà á. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọmọ náà ni ì bá já fáfá jù nílé ẹ̀kọ́ náà, ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba òdo nínú ìdánwò ìṣirò gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ ìbéèrè: Ṣadé ra ọsàn, ó tà lára rẹ̀, mélòó ló kù? Kí ó tó dé ìdí ọsàn, aago ti lu.

Kí wá ni ká pè é? Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni àrùn àìlèkàwé, n kò sì fara mọ́ ọn. Àrùn ń wá oògùn. Ìyá tó bá gbọ́ pé àrùn ló ń ṣe ọmọ òun, bí kò bá gba ọsibítù lọ, yóò wá ẹni tó máa se ìsọ̀yè fún un, àkókò tó yẹ kí ọmọ fi kọ́ ìró lẹ́tà yóò sì bá a lọ. Àìlèkàwé pàápàá kì í ṣe òótọ́: ọmọ náà lè kàwé, ó kàn ń pẹ́ níbẹ̀ ni. Àkàndá ẹ̀dá tí a ń gbọ́ lórí rédíò ní ọ̀wọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó gba afọ́jú, ó gba adití, ó gba arọ. Kò sọ ohun tí tíṣà máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìnira ni mo yàn. Ìnira ìwé kíkà. Láti ibẹ̀, a rí ìnira òǹkà fún ohun tí Ladislav Kosc ní Czechoslovakia ṣàlàyé ní 1974, nípa àwọn ọmọ tí làákàyè wọn pé ṣùgbọ́n tí iye ń rú wọn lójú. A sì rí ìnira ìkọ̀wé fún èyí tó jẹ́ ti ọwọ́. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo wa. Bí tíṣà bá kọ “ìnira òǹkà” sínú ìwé èsì, ìyá lè sọ fún bàbá pé, “Wọ́n ní òǹkà ń nira fún ọmọ yìí,” kò sì ní í nílò ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ ìṣòro kọ́ ni iṣẹ́ ńlá. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni gan-an ni. Ẹ wo òǹkà wa. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá. Tí a bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a yí pa dà, a ń yọ kúrò nínú ogún. Nínú mẹ́tàdínlógún, mẹ́ta ni ọmọ kọ́kọ́ gbọ́, ogún ló gbọ́ kẹ́yìn, 17 ló sì gbọ́dọ̀ kọ, èyí tí kò ní 3 tàbí 2 kankan nínú. Ti 45 tún le jù bẹ́ẹ̀: márùndínláàádọ́ta, 50 tí a yọ 5 lára rẹ̀, nígbà tí 50 fúnra rẹ̀ jẹ́ 60 tí a yọ 10 lára rẹ̀. A kò dá nìkan wà o. Àwọn ará Jámánì ń pe 23 ní mẹ́ta àti ogún, àwọn ọmọ wọn sì máa ń kọ 32.

Síbẹ̀, òǹkà wa kò lábùkù. Míṣọ́nnárì Adolphus Mann, tó gbé ní Ìjàyè, kọ ọ́ ní 1887 bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń fa márùn-ún márùn-ún lára òkìtì, títí yóò fi di ogún, títí yóò fi di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọwọ́ ló ń ṣe ìyọkúrò yẹn, ojú sì ń rí i. Àwa gbé orúkọ náà sórí pátákó, a fi owó ẹyọ sílẹ̀. Àbá tèmi ni pé kí ọmọ tí òǹkà nira fún ní orúkọ méjì fún iye kan: mẹ́tàdínlógún fún ọ̀rọ̀ ẹnu, “ẹ̀wá kan, ẹyọ méje” fún ìwé. Àwọn kan á ní a fẹ́ ba èdè jẹ́. Yorùbá náà ni ẹ̀wá, Yorùbá náà ni ẹyọ.

Ètò ọ̀rọ̀ tún ń dẹ pàkúté. “Yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́wàá” fi mẹ́ta ṣíwájú, ọmọ á sì kọ 3 − 10. “Mú mẹ́wàá, yọ mẹ́ta” bá ìlà ìwé mu. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí ni ìwé ìṣirò yóò máa lò.

Jerome Bruner ní Amẹ́ríkà pín ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́ta ní 1966: ti ọwọ́, ti àwòrán, ti àmì. Àwọn tó ń kọ́ irú ọmọ báyìí ní ìṣirò ṣì ń tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìpele yìí àti ìpele yẹn túmọ̀ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, àṣẹ mẹ́ta tó: dì í mú, yà á, kọ ọ́. Ọmọ ayò tàbí ìdérí ìgò ni yóò dì mú.

Ní ti sáyẹ́ǹsì, òòfà ni àwòkọ́ṣe mi: ó kúrú, fífà sì wà nínú rẹ̀. Fún bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, mo dábàá ìfoòrùn-ṣoúnjẹ, pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ láàárín, kí ojú ọmọ lè sinmi níbẹ̀. Fotosíńtẹ́sísì gùn, kò sì sí ohun tí ọmọ lè dì mú nínú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe tẹ ìwé láìsí àmì ohùn. Ọgbọ̀n ni 30, ọgbọ́n ni ti orí; àmì kan péré ló yà wọ́n. Òǹkàwé tí ìwé ti mọ́ lára lè méfò. Ẹni tí ìwé kíkà nira fún kò ní ohun tó máa fi méfò.

Láti 1970 tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ la ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì ti wà láti 1984. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọmọ tí ìwé kíkà nira fún létí, kí ẹ fi í hàn án, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tó gbọ́. Bí kò bá rí i sọ, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀dá.