Eré Àjèjì Lọ́wọ́ Onílé

Eré kì í dá rìn; ènìyàn ní í gbé e lọ sí àjò. Bí ọmọ Ìkálẹ̀ bá dé Èkó, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá kiri, kí ó lè gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Ọsirélíà ṣe. Ní 1859 ni wọ́n kọ òfin bọ́ọ̀lù tiwọn sílẹ̀ ní Melbourne. Bọ́ọ̀lù náà rí bí ẹyin. A lè fi ẹsẹ̀ gbá a, a sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kó àwọn ọmọ wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbá a ní London ní 1916. Ní 1921, àwọn tí ń kàwé ní Oxford àti Cambridge bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan láàárín ara wọn, tí a ṣì ń ṣe títí di òní. Kò sí ẹni tí ń san owó fún wọn. Àárò ilé ni owó ọ̀yà wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí síwájú díẹ̀. Ní èrò tèmi, àlejò lè gbin eré, ṣùgbọ́n onílé ni í bomi rin ín. Ìgbà tí onílé bá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ni eré àjèjì ń ta gbòǹgbò. Bọ́ọ̀lù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí Èkó ni ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù.

Ní 1938, Nnamdi Azikiwe dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún tẹrú-tọmọ. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ náà rin ìlú dé ìlú ní Nàìjíríà. Bí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ọkọ̀ ojú omi náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń yan olórí, bí a ti ń ṣírò owó àjọ, àti bí a ti ń tẹrí ba fún òfin tí a fọwọ́ ara wa ṣe.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 láti Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Liverpool. Etim Henshaw ni balógun wọn. Tesilimi Balógun, ọmọ Èkó, wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà, àwọn oníwèé ìròyìn sì sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wọn títí. Àwa tí a dàgbà ní Akotogbo mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán kì í ṣe àbùkù lórí pápá. Ní ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n fi góòlù 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby. Nínú ìdíje 9, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, a sì borí wọn nínú 5. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá figagbága náà kò gbowó. Ọ̀gbà pẹ̀lú ọ̀gbà ni wọ́n.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sílé, wọ́n na Sàró ní Freetown ní 2 sí 0, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá. Ó ku ọdún 11 kí a tó gba òmìnira, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó àti ọmọ Calabar ti wọ ẹ̀wù kan náà, wọ́n sì ti ń jẹ́ orúkọ kan náà lójú ayé. Ohun tí ẹgbẹ́ tí kò gbowó ṣe nìyẹn.

A ti gba eré ẹlòmíràn, a sì ti sọ ọ́ di tiwa, kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kún London àti Houston lónìí, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ púpọ̀. Mélòó nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ó gbé ọpọ́n ayò dání, mélòó ni ó sì ti pe onílé jókòó sí ìdí rẹ̀?